Kí ló dé tó jẹ́ ìdájí ni ìyá àgbà mi máa ń padà wá?

Arákùnrin kan tó ń gbé n'Ílé-Ifẹ̀ ló kọ̀wé sí mi, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 44 ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó padà sí ilé bàbá mi ní Ìrẹmọ lẹ́yìn ọdún 19 tí mo lò l'Ékòó. Láti ìgbà tí mo ti dé, mo máa ń jí ní bíi aago márùn-ún ààbọ̀, màá gbé àga sí ẹ̀yìnkùlé, màá kàn jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ìyá àgbà mi tó kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹlẹ́kọ ni wọ́n, wọ́n á kàn dé ni. Màá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ro ẹ̀kọ, màá rí ìró tí wọ́n ró, nǹkan tí mi ò rántí rí ní gbogbo ọdún tí mo fi wà l'Ékòó. Nígbà míì omi á bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n ara mi máa ń fúyẹ́ lẹ́yìn ẹ̀. Kí ló ń fà á? Ṣé kí n máa fi fóònù ká a sílẹ̀ kó má baà sọnù? Ìyàwó mi ní kí n yé jókòó sínú ìrì, pé ó máa fún mi ní ibà. Ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún méje náà máa ń fẹ́ tẹ̀lé mi síta, mo máa ń ní kó padà lọ sùn."

Àbúrò mi, ojúmọ́ ire o. Mo ka ìwé ẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo tún gbé e fún ìyàwó mi kà. Bí ọpọlọ ṣe ń tọ́jú nǹkan àti bó ṣe ń jẹ́ kó lọ, nǹkan tí mo fi bí ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn, mi ò sì tíì rí ẹni tó ṣàlàyé ẹ̀ bó o ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yìí. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe ẹ́. Gbogbo Yorùbá ló ń ki Ifẹ̀ ní ibi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, ìwọ wá gbé àga ka ojúmọ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà, kò lè má sọ nǹkan fún ẹ.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìta ná, ká tó wọnú orí.

Láti ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ti ń tú ooru tó gbà lọ́sàn-án jáde, tó bá fi máa di ìdájí ilẹ̀ á ti tutù ju afẹ́fẹ́ òkè lọ. Afẹ́fẹ́ tútù á wá sùn sílẹ̀, èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ á wà lókè ẹ̀ bí ìbora. Lọ́sàn-án, ohùn tó bá jáde máa ń tẹ̀ sókè ni, ó ń bá tiẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí o kì í fi gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò kejì. Àmọ́ ní ìdájí tí ohùn bá gòkè dé ibi ìbora yẹn, ńṣe ló máa tẹ̀ padà wálẹ̀, á sì rìn jìnnà gan-an. Òun ló fi jẹ́ pé wàá jókòó sí Ìrẹmọ wàá máa gbọ́ ládàánì láti ọ̀nà jíjìn, wàá gbọ́ táyà tírélà lójú títì Iléṣà, wàá gbọ́ obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní ilé kẹta, ṣàà, ṣàà, ṣàà, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹ ló ń gbá.

Ohun tó ń ṣe ohùn yẹn náà ló ń ṣe èéfín. Ẹni tó bá dáná igi ní òpópó kejì, èéfín ẹ̀ ò rí ọ̀nà gòkè lọ, ó máa tẹ́ sílẹ̀ ni, á máa rápálá láàárín ilé títí tó máa fi dé imú ẹ. Òórùn ilẹ̀ tútù náà wà níbẹ̀. Nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní geosmin ló wà nínú òórùn ilẹ̀ yẹn, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú erùpẹ̀ ló ń ṣe é, imú èèyàn sì mọ̀ ọ́n débi pé bó ṣe kéré tó, kó jẹ́ ìwọ̀n díẹ̀ péré nínú tírílíọ̀nù kan, imú á gbọ́ ọ. Èmi ò mọ nǹkan míì tí imú wa mú tó báyẹn.

Ó dáa, imú ti gbọ́ òórùn, kí ló wá kàn?

Ohun tójú rí àti ohun tétí gbọ́, kó tó dé ibi tí ọpọlọ á ti dá a mọ̀, ó gbọ́dọ̀ gba ibì kan kọjá láàárín gbùngbùn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní thalamus, bíi tólùgéètì báyìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò kí wọ́n tó ní kó máa lọ. Imú ò dúró de ibẹ̀. Imú ní ọ̀nà àbùjá tiẹ̀. Láti ibi tí òórùn bá ti wọlé kò pẹ́ rárá tó fi máa dé amygdala, níbi tí ẹ̀rù àti ìfẹ́ ti ń dìde, àti hippocampus tó ń so ìrántí pọ̀. Òun ló fà á tí àyà ẹ fi máa ń mọ̀ kí ẹnu ẹ tó mọ orúkọ nǹkan tí o gbọ́ òórùn ẹ̀. Èèyàn ní oríṣi ẹnu ọ̀nà òórùn bíi 400 nínú imú, Linda Buck àti Richard Axel tó tú àṣírí àwọn ẹnu ọ̀nà yìí gba ẹ̀bùn Nobel ní 2004 nítorí ẹ̀, ohun tí wọ́n sì fi hàn wá ni pé òórùn kan kì í ṣí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ ló máa ń ṣí pa pọ̀, àpapọ̀ àwọn tó ṣí ni ọpọlọ ń kà. Nítorí náà èéfín igi nìkan ò tó láti mú ìyá àgbà wá, kíkan ògì nìkan ò tó, ewé eéran tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ gbígbóná nìkan ò tó. Èéfín, ìrì, erùpẹ̀, bóyá ẹnì kan tó ń se ògì ní ìkóríta, gbogbo ẹ̀ pọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọlé.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í kà sí. Oorun tí a ti ń lá àlá jù, apá ìparí òru ló pọ̀ sí. Tó o bá jí ní aago márùn-ún ààbọ̀, àárín àlá lo ṣì ti ń bọ̀, o ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, o ò tíì gbọ́ ìròyìn, kò tíì sí ẹni tó pè ẹ́ nítorí owó. Orí ẹ ṣì ṣófo bí ọjà tí wọn ò tíì ná.

Wàyí o, o ní kò ṣẹlẹ̀ rí ní gbogbo ọdún 19 tó o lò l'Ékòó. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kó o fetí sí jù.

L'Ékòó náà ìdájí wà, èéfín sì wà bó tilẹ̀ jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ló ń tú èyí tó pọ̀ jù jáde. Ohun tó mú tìẹ yàtọ̀ ni pé òórùn ẹ̀yìnkùlé yẹn, o fi í sílẹ̀ lọ nígbà tí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ṣì jẹ́ ti ìyá àgbà, o ò sì fọwọ́ kàn án mọ́ fún ọdún 19. Tó o bá dúró sínú ilé tó o pe Táyé, tó jẹ́ Táyé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun ló máa dá ẹ lóhùn. Lọ dúró sáàárín ọjà kó o pe Táyé wò. Bí òórùn ṣe rí nìyẹn. Èyí tó bá so mọ́ nǹkan kan ṣoṣo máa mú nǹkan yẹn wá wéré, èyí tó bá ti so mọ́ ọgọ́rùn-ún nǹkan ò mọ èyí tó máa mú wá mọ́. Ọmọdé ló sì sábà máa ń so ó. Johan Willander àti Maria Larsson ní Sweden ṣe ìwádìí kan ní 2006, wọ́n fi ọ̀rọ̀, àwòrán àti òórùn lọ àwọn àgbàlagbà láti mọ ohun tí wọ́n máa rántí, ọ̀rọ̀ àti àwòrán gbé wọn padà sí ìgbà tí wọ́n wà láàárín ọmọ ọdún 11 sí 20, ṣùgbọ́n òórùn gbé èyí tó pọ̀ jù lọ sí ìgbà tí wọn ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lo wà nígbà tí ìyá àgbà lọ, àbí?

Àmọ́ o ti padà dé báyìí. Ojoojúmọ́ lò ń gbọ́ òórùn yẹn, ojoojúmọ́ ni nǹkan tuntun ń so mọ́ ọn, owó ilé ìwé, ọ̀rọ̀ bíríkìlà, ìpè tó o gbà l'aago mẹ́fà tí kò dùn létí ẹ. Tó bá fi máa tó ọdún mélòó kan, òórùn ẹ̀yìnkùlé yẹn á ti di òórùn ilé ẹ lásán, ìyá àgbà á wá máa yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà ẹ́ o. Mo sọ ọ́ torí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà.

Ọmọ Iléṣà ni mí. Wọ́n máa ń ki àwa Ìjẹ̀ṣà pé a ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé oríkì lásán ni, ṣùgbọ́n mo bá a láyé. Bàbá tó bí bàbá mi máa ń kó ògúnná sínú àpáàdì, wọ́n á da eérú bò ó, ó di oko, èmi ọmọ ọdún mẹ́fà, méje á máa tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, èéfín á máa bọ́ sí mi lójú, ìrì á ti fọ ẹsẹ̀ wa méjèèjì dé orúnkún torí koríko ti bo ọ̀nà oko yẹn. Kùrukùru á bo àfonífojì, torí afẹ́fẹ́ tútù máa ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ bí omi ni, gbogbo orí òkè á wá dà bí erékùṣù. Bàbá kì í sọ̀rọ̀. Orin kan wà tí wọ́n máa ń fi imú kọ.

Mo lọ kàwé, mo ṣiṣẹ́ kiri, ìgbà tí mo padà sí agbègbè yìí mo ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Àárọ̀ ọyẹ́ kan, aládùúgbò mi kó ewé jọ ó finá sí i, mo jáde síta, àbúrò mi, mo ní láti di ògiri mú. Mo rí ẹ̀yìn bàbá. Mo rí àpá tó wà ní gìgísẹ̀ wọn. Mo gbọ́ orin yẹn ketekete, ohùn ẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe fún bíi oṣù mẹ́ta, mo ń gbádùn ẹ̀, mo rò pé yóò máa wá bẹ́ẹ̀ títí ayé ni, mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Èmi tó jẹ́ pé iṣẹ́ mi ni. Mo kọ́lé, mo bímọ, mo jó ewé tèmi náà láìmọye ìgbà. Lónìí tí mo bá gbọ́ òórùn ewé jíjó, ẹ̀yìnkùlé tèmi ni mò ń rí. Àpá gìgísẹ̀ yẹn mo ṣì mọ̀ ọ́n torí mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi lọ́jọ́ yẹn. Orin yẹn mi ò rí i mú mọ́. Ó ń dùn mí títí dòní.

Nítorí náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ sọ gan-an nìyẹn, ìyókù àlàyé ni.

Ti fóònù, má gbé e jáde síta rárá, ní àsìkò yẹn. Linda Henkel l'Ámẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde ní 2014, wọ́n mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rìn yí ká inú mùsíọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí wọ́n ya àwọn nǹkan kan ní fọ́tò kí wọ́n kàn fojú wo àwọn míì, ní ọjọ́ kejì, àwọn nǹkan tí wọ́n yà ní fọ́tò ni wọn ò rántí dáadáa. Tí ọwọ́ bá ti gbà á fún ọpọlọ, ọpọlọ á jókòó. Fóònù ò sì ní imú. Ohun tó máa ká fún ẹ ni ògiri, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ariwo àkùkọ, kò ní ká ohun tó o wá sọ fún mi.

Bó o ṣe máa ṣe é rèé. Jókòó kó o má wá nǹkan kan. Má sọ pé jẹ́ kí n rántí ìyá àgbà, tó o bá ń wá wọn, ìtàn tó o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wàá máa sọ fún ara ẹ. Gbọ́ àwọn tó ń gbálẹ̀, gbọ́ ẹyẹ, mí sínú. Tí wọ́n bá wá, jẹ́ kí wọ́n wà. Tí ilẹ̀ bá wá mọ́ tán, kó o tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kó o tó tan rédíò, wọlé mú ìwé àti báírò. Má kọ pé ìyá àgbà fẹ́ràn mi, ìyẹn ò lè sọnù. Kọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń di orógùn mú. Kọ àwọ̀ ìró yẹn, ibi tí ìkòkò wà, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń kó ewé sí, orúkọ tí wọ́n ń pè ẹ́. Ìlà mẹ́ta, ìlà mẹ́rin, ó ti tó. Kọ déètì sí i. Tó o bá ti kọ ọ́ tán ni kó o tó lọ bi àwọn àgbà ilé, má bi wọ́n ṣáájú o, torí ìrántí kì í dúró bí fọ́tò, gbogbo ìgbà tá a bá fà á yọ la máa ń tún un tò díẹ̀, tí ẹnì kan bá ti sọ fún ẹ pé ìró aláró ni, kò ní pẹ́ tí wàá fi máa rí aró.

Ohun kan tó máa ràn ẹ́ lọ́wọ́ ni pé imú máa ń tètè mọ́ nǹkan lára. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tó o bá ti jókòó sójú kan, o ò ní gbọ́ òórùn yẹn mọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà níbẹ̀. Dìde, rìn yí ilé ká dé iwájú, kó o padà wá, á tún dé bí tuntun. Má sì jáde lójoojúmọ́. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó, jẹ́ kí òórùn yẹn ṣì jẹ́ ti ìyá àgbà fún ìgbà díẹ̀ sí i.

Jáde kí ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ o. N'Ífẹ̀ níbí, oòrùn máa ń yọ láàárín nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje, ó sinmi lórí oṣù tá a bá wà, kì í sì í fi falẹ̀ torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gòkè gbọnrangandan ni, ìgbà tó o bá rí i pé ojú ọ̀run ti ń funfun, ìṣẹ́jú bí 25 ló kù. Tó o bá fẹ́ rí nǹkan míì ní òwúrọ̀ kan, lọ sínú ọgbà yunifásítì kó o dúró sábẹ́ àwọn igi tí àdán ń gbé, ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n máa ń padà wálé láti ibi tí wọ́n ti lọ jẹun, àdán ńlá tó jẹ́ pé tó bá na apá ẹ̀ tán ó lè tó 75 sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á máa já lu ara wọn lórí ẹ̀ka. Àwọn èèyàn ò fẹ́ràn wọn, èmi fẹ́ràn wọn, irú wọn wà lára àwọn tó ń gbé èso ìrókò káàkiri.

Ìyàwó ẹ ńkọ́? Ìrì kọ́ ló ń fún èèyàn ní ibà, ẹ̀fọn ni. Ṣùgbọ́n ìyàwó ẹ ò jẹ̀bi, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, àárín òru títí di ìdájí ló máa ń jẹ èèyàn jù, nítorí náà bọ́ síta pẹ̀lú ṣòkòtò gígùn, sọ́ọ̀kì àti ẹ̀wù alápá gígùn. Má tan kọ́ìlì ẹ̀fọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹ, èéfín ẹ̀ máa bo gbogbo òórùn tó o jáde wá gbọ́. Nígbà ọyẹ́ tí eruku bá pọ̀, fi nǹkan bo imú fún ìgbà díẹ̀ tàbí kó o fi ọjọ́ yẹn sílẹ̀.

Omijé yẹn, jẹ́ kó bọ́. O ní ara máa ń fúyẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, ìyẹn ló ṣe pàtàkì. Tó bá wá lọ yí padà, tí ìbànújẹ́ ò fi ẹ́ sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí o ò lè jẹun tàbí tí oorun ò wá, má fi falẹ̀, lọ rí dókítà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ẹ. Ọmọ ọdún méje ni. Ṣé o rántí ohun tí mo sọ nípa òórùn àti àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá? Má lé e wọlé mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, tó bá tún tẹ̀lé ẹ síta, gbé àpótí kékeré kan fún un sí ẹ̀gbẹ́ àga ẹ, má ṣàlàyé nǹkan kan fún un, ẹ kàn jọ jókòó. Kó wọ súwẹ́tà.